Ilẹ̀ Tí Awọ́nríwọ́n Bèèrè

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun ni? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Hẹn-ẹ́n. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sẹ́yìn, mo rí yín, ẹ̀ ń la ẹnu láìmú ohùn jáde. Kọ́lájọ, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní àbúrò rẹ. Àlọ́ mi wọ́ ìrù nílẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó ń yọ ahọ́n bẹ̀lẹ̀jẹ́-bẹ̀lẹ̀jẹ́, ó dá lórí Awọ́nríwọ́n, ó dá lórí Òkété, ó dá lórí ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko àti èèyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, Àwẹ̀ró ń gbé ní abà kan létí odò. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ kù nínú ilé ni Awọ́nríwọ́n.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ni. Àwọn kan ń sin ewúrẹ́, àwọn kan ń sin ajá. Awọ́nríwọ́n ni Àwẹ̀ró ń sìn ní tirẹ̀. Inú ìgèrè tó fi ń pẹja ló ti bá a, nígbà tó ṣì kéré tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fún un ní ẹyin jẹ, ó fún un ní ìgbín. Awọ́nríwọ́n dàgbà, ó gùn ju ọmọ odó lọ. Àwẹ̀ró sọ ọ́ ní Ṣọ́lé. Orúkọ náà sì ro ó, torí láti ọjọ́ tó ti ń sùn nílé yẹn, eku kan ò yọjú, ejò kan ò wọlé.

Níbo ló ń sùn? Ìdí àmù ni, lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ń kó irúgbìn sí. Ẹ̀yin náà mọ bí ìdí àmù ṣe ń rí. Omi ń kán síbẹ̀ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì rọ̀. Ṣọ́lé á fi èékánná gbẹ́ ẹ díẹ̀, á ki imú bọ̀ ọ́, á sì sùn fọnfọn. Nínú yàrá yẹn ni agbọ̀n ẹ̀pà wà, ẹ̀pà tí Àwẹ̀ró fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà kó lè rí nǹkan gbìn bí òjò bá dé.

Òkété wá gbọ́ òórùn ẹ̀pà yìí láti inú igbó.

Ó dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Imú rẹ̀ ń yí. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn lẹ́nu ọ̀nà ní ìrù bíi pàṣán, eyín rẹ̀ ò sì kéré. Òkété mọ̀ pé òun ò lágbára. Ẹnu ló ní. Ẹnu náà ló gbé wá.

Ọ̀sán gangan ló dé.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá!"

"Káàbọ̀, Òkété. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn àna rẹ ńkọ́?"

Bí Àwẹ̀ró ṣe máa ń kíni nìyẹn. Kì í tètè tán. Òkété dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá yí ojú sí ìdí àmù, ó mi orí, ó mí kanlẹ̀.

"Kí ló dé?" Àwẹ̀ró bi í.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ tí ẹ fẹ́ràn tó báyìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ jẹ́ kó máa sùn?"

"Ibẹ̀ ló wù ú."

"Ta ni ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ń wù? Ojú ló ń tì í tí kò fi sọ. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń pọnmi lódò, n ò lè sọ ọ́ tán. Wọ́n ní Àwẹ̀ró ń sùn lórí ẹní, ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún un ń sùn nínú ẹrẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀."

Áà! Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àwẹ̀ró lára ṣinṣin. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ebi kì í pa wá tó bí "kí ni ayé máa wí" ṣe máa ń pa wá. Ìyá arúgbó náà wo Ṣọ́lé nínú ilẹ̀ tútù, ó sì rí i bí ẹni pé kò rí i rí.

"Kí ni ká tẹ́ fún un?" ó bèèrè. Òkété ló sì bi o, ẹ ṣàkíyèsí.

"Òwú, Ìyá. Òwú ni wọ́n ń tẹ́ fún ọmọ ọba. Ẹ sì gbé e kúrò ní ìdí àmù, omi ò ní jẹ́ kí òwú gbẹ. Ẹ gbé e sínú yàrá irúgbìn gan-an. Ṣé àmù ló ń ṣọ́ ni, àbí ẹ̀pà?"

Awọ́nríwọ́n gbé orí sókè. "Ìyá, èmi ò bèèrè òwú o."

"Dákẹ́, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìtìjú ni."

"Ẹ̀yin ò tún ní lè máa tẹ́ nǹkan lọ́jọ́ ogbó," Òkété sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. "Èmi náà ni n ó máa wá tẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni."

Àwẹ̀ró súre fún un títí ó fi ń ṣe àmín kiri. Bí Òkété ṣe wọnú ilé àgbà nìyẹn o. Wọn kò lé e wọlé, kò sì já ilẹ̀kùn. Àdúrà ni wọ́n fi gbà á wọlé.

Wọ́n tẹ́ òwú sínú yàrá irúgbìn, wọ́n sì gbé Ṣọ́lé lé e. Òwú rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo èékánná Awọ́nríwọ́n. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀, òwú á lọ́ mọ́ ọn. Ó lọ́ mọ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ìka náà fi wú. Àwẹ̀ró jókòó, ó ń fi abẹ́rẹ́ tú u, ó ń káàánú.

"Ẹ má dààmú," Òkété sọ. "Ìyàngbò ọkà bàbà la ó dà lé e. Ìyàngbò kì í lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dà á kó nípọn dáadáa."

Ìyàngbò ni wọ́n dà. Ó gbẹ, ó sì ní eruku. Kò sí omi kankan nítòsí. Awọ́nríwọ́n ń sín, ó ń fi imú gbo ògiri.

Bí oòrùn bá ti mú, Àwẹ̀ró á gbé Ṣọ́lé síta kó lè yá oòrùn, torí bí kò bá yá oòrùn, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Òkété ń wọ inú yàrá lọ.

"Mò ń tẹ́ ẹ lọ́wọ́ o, Ìyá!" á máa pariwo láti inú ilé.

"O ṣeun, ọmọ mi!"

Kí ló ń tẹ́? Á ká ìyàngbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á gbẹ́ ihò sílẹ̀. Á bọ́ sínú agbọ̀n, á ki ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, á ki ẹ̀pà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, á lọ pọ̀ ọ́ sínú ihò. Á wá fi ìyàngbò dí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, á fi ẹ̀pà díẹ̀ bo ojú rẹ̀. Tó bá tán, á tẹ́ ìbùsùn padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò gbé ẹ̀pà náà lọ sílé rẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró kì í jẹ́ kí àlejò lọ láìkí i dé ẹ̀yìn abà. Ó dàbọ̀ o, kí ilé o, kí ìyàwó o. Ta ló lè fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún fún ẹ̀pà dáhùn "wọ́n á gbọ́"? Èkejì, Òkété ò fẹ́ kí aya rẹ̀ mọ̀. Kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ dá jẹ. Ó ní bí Awọ́nríwọ́n bá kú, arúgbó á gbé òkú rẹ̀ jù sígbó, yàrá á ṣófo, òun á sì wá máa jẹ ẹ̀pà òun wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀yin ti gbọ́. Àwẹ̀ró kò gbọ́. Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe rí?

Ara Ṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í le. Awọ tó yẹ kó bọ́ kò bọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára kankan. Ojú rẹ̀ wọnú. Ẹyin tí Àwẹ̀ró fọ́ síwájú rẹ̀, kò tọ́ ọ wò. Àwẹ̀ró ń rọ̀ ọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń fi ọmọrí ìkòkò fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bó bá ń dáná, etí rẹ̀ wà nínú yàrá. Ẹ̀rù ń bà á pé òun á padà wọlé, òun á sì bá a tó ti dákẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú. Atẹ́gùn ń fẹ́, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. Àwẹ̀ró jókòó ti Ṣọ́lé. Òkété náà wà níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. Ṣọ́lé la ẹnu. Ìyàngbò ti dí i lọ́fun, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó kọrin. Ẹ gbè é fún mi, ẹ má jẹ́ kó dá kọ ọ́:

Ìyá, Ìyá, gbé mi sílẹ̀.
*Jẹ́njẹ́nkẹ̀, ilẹ̀ o.*
Òwú rọ̀, òwú ò gbà mí.
*Jẹ́njẹ́nkẹ̀, ilẹ̀ o.*
Ìyàngbò gbẹ, imú ń ta mí.
*Jẹ́njẹ́nkẹ̀, ilẹ̀ o.*
Ilẹ̀ tútù ni mo ń fẹ́.
*Jẹ́njẹ́nkẹ̀, ilẹ̀ o.*
Ìyá, Ìyá, gbé mi sílẹ̀.
*Jẹ́njẹ́nkẹ̀, ilẹ̀ o.*

Ohùn rẹ̀ kò jáde tán. Ọ̀rọ̀ òwú kò dé etí Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ ìyàngbò kò dé etí rẹ̀. Ohun tó gbọ́ kò ju "ilẹ̀" lọ.

"Ilẹ̀?" ó ní. "Ṣọ́lé, kí lo ní o ń fẹ́?"

"Ilẹ̀, Ìyá. Ilẹ̀."

Òkété fò dìde. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ohun tó wí! Ó ń bèèrè ilẹ̀. Ìyá, ẹ̀yin náà àgbà ni, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ sọ fún yín? Ẹni tó bá ń bèèrè ilẹ̀, ibi tí wọ́n á tẹ́ ẹ sí ló ń bèèrè. Ó ti ń wo ọ̀nà ọ̀run."

Àwẹ̀ró ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọkọ náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹ gbé mi sílẹ̀," ilẹ̀ kò sì ṣú kó tó lọ. Arúgbó náà bú sẹ́kún. Ó sunkún bí ẹni tó ń sin ọmọ, torí ọmọ ni.

"Ẹ má sunkún pọ̀," Òkété sọ. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń fa ojú ro. "Ó ti kú tán ná, èémí lásán ló kù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ sígbó kí òjò tó dé."

"Sígbó?" Àwẹ̀ró fi etí ìró nu ojú. Ó dìde. Ó wọ yàrá kejì lọ, ó sì mú ọkọ́ jáde. "Ta ló mọ ilẹ̀ gbẹ́ jù ọ́ lọ ní gbogbo igbó yìí, Òkété?"

"Èmi ni, Ìyá," Òkété fi ìgbéraga dáhùn.

"Gbà. Gbẹ́ ẹ fún mi."

"Níbo? Ẹ̀yìnkùlé? Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀? Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ gan-an."

"Inú yàrá yìí. Abẹ́ ibi tó ń sùn yìí gan-an."

Òkété fà sẹ́yìn.

"Ìyá… inú ilé kẹ̀?"

"Inú ilé. Ọkọ mi wà ní yàrá kejì yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n sin ín síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣọ́ ilé, ilé là ń sin ín sí. N kò ní gbé Ṣọ́lé jù sígbó bí ẹni tí kò ní ará."

"Ìyá, ẹranko ni o!"

"Ìwọ ńkọ́?"

Òkété wá ọgbọ́n mìíràn. "Èèwọ̀ ni, Ìyá! A kì í gbẹ́lẹ̀ de ẹni tó ṣì ń mí. Ẹ jẹ́ kó kú ná. N ó wá gbẹ́ ẹ lọ́la, ní kùtùkùtù, kí ẹ tó jí."

"Ìwọ lo ní ó ti kú tán. Ìwọ náà lo ní ilẹ̀ ló ń bèèrè. Ohun tí ọmọ mi bèèrè gbẹ̀yìn, n ó jẹ́ kó fi ojú rí i. Gbẹ́ ẹ."

Ẹnu ara rẹ̀ ni Òkété fi túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ pé ilẹ̀ ni, ilẹ̀ náà ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ yìí.

Àwẹ̀ró rọra gbé Ṣọ́lé kúrò. Kò wúwo mọ́. Òkété ká ìyàngbò, ó ká òwú. Ó gba ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bá ògiri ló ń gbẹ́, ó ń yẹra fún àárín.

"Sún sí àárín," Àwẹ̀ró sọ.

Ó sún sí i. Ó ń họ ilẹ̀ lórí lórí bí adìẹ.

"Ó ti tó, Ìyá."

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Kò tíì bo ọrùn ọwọ́ mi. Ṣé ọmọ eku là ń sin ni?"

Wọ́n ní bí èèyàn bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Òkété mọ òwe yìí dáadáa. Ó ń sapá kó má gbẹ́ ẹ jìn. Ìyá arúgbó ló dúró tì í lórí.

Ó gbẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹyọ ẹ̀pà kan yọ ojú síta, pupa tín-ín-rín. Òkété wo ẹ̀yìn. Àwẹ̀ró ń wo ojú Ṣọ́lé. Òkété gbé ẹ̀pà náà sẹ́nu kíá. Òmíràn yọ. Ó gbé e sẹ́nu. Èyí tó tẹ̀ lé e kọjá bí ìdajì ìkúnwọ́. Ó kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó kó òmíràn sí òsì. Òógùn bò ó. Bó ti ń fi ọkọ́ gbé e jáde ló ń fi ẹnu gbé e pamọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń wú.

"Òkété," Àwẹ̀ró ké pẹ̀lú ẹkún, "kí ló dé tí o dákẹ́? Bá mi dárò ọmọ mi."

"Ḿm."

"Ṣé ẹkún ló ń gbọ̀n ọ́?"

"Ḿm-ḿm."

Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án léjìká. "O mà láàánú o. N kò mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí. Olúwa á jẹ́ kí ìwọ náà rí ẹni sin ọ́."

Òkété kò lè ṣe àmín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín síbẹ̀, torí Ṣọ́lé ń kú lọ. Àyà rẹ̀ gbé sókè, ó pẹ́ kó tó padà wálẹ̀. Àwẹ̀ró kò dúró mọ́. Ó fi igbá bu omi nínú àmù. Ó wẹ ojú Ṣọ́lé bí wọ́n ṣe ń wẹ ojú ẹni tó ń lọ. Ó fi ìka nu ihò imú rẹ̀, ìyàngbò dúdú sì bá a jáde. Ó wẹ ẹnu rẹ̀, ó wẹ àyà rẹ̀. Ó gbé e, ó sì tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀ tí Òkété gbẹ́. Ó da omi tó kù lé e lára.

"Ilẹ̀ tí o bèèrè nìyí," ó ní. "Má bínú sí mi, Ṣọ́lé. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe."

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé dákẹ́.

Àyà Ṣọ́lé wálẹ̀. Kò gbé sókè. Àwẹ̀ró ń wò ó. Òkété náà ń wò ó. Atẹ́gùn gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Àyà náà kò gbé sókè.

Ahọ́n rẹ̀ yọ.

Ó kan ilẹ̀ tútù, ó padà sẹ́nu. Ó tún yọ, ó kan ilẹ̀. Ojú kan là. Àyà gbé sókè, ó wálẹ̀, ó tún gbé sókè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ na síwájú, èékánná rẹ̀ sì wọ ilẹ̀ gbìn.

"Ṣọ́lé!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Ó ki imú bọ ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ kó o, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ẹ wo bí Òkété ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà! Ilẹ̀ ń fò. Ẹ̀pà bá ilẹ̀ fò. Ẹ̀pà kan, ẹ̀pà mẹ́ta, wàràwàrà, ẹ̀pà bo ilẹ̀ yàrá.

Àwẹ̀ró mú ẹyọ kan. Ó gbé e sójú. Ẹ̀pà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà, ṣé kò ní mọ̀ ọ́n? Ó yí agbọ̀n dànù. Ìyàngbò ló dà sílẹ̀.

"Òkété. Ta ló gbin ẹ̀pà sábẹ́ ọmọ mi?"

"Ḿm."

"La ẹnu rẹ."

"Ḿm-ḿm!"

Ẹnu kò là. Ìrù Awọ́nríwọ́n ló là á. Ṣọ́lé yí ara lẹ́ẹ̀kan, ìrù náà fò kọjá lójú Àwẹ̀ró, ó sì dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété. Fàààṣì! Ẹ̀pà tú jáde lọ́tùn-ún. Fàààṣì! Ẹ̀pà tú jáde lósì. Òkété ń wá ibi tó máa sá gbà. Àwẹ̀ró ti dí ẹnu ọ̀nà. Ihò nìkan ló rí. Ó bẹ́ sínú rẹ̀, ó ki orí wọlẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló gbẹ́ ẹ, òun náà ni kò jẹ́ kó jìn. Ìdí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ wà lókè.

Àwẹ̀ró gbé ọkọ́ sókè.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi!" Òkété ń ké láti inú ilẹ̀. "Mò ń tẹ́ ẹ fún yín dáadáa! Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa tẹ́ ẹ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Àwẹ̀ró dáhùn. "O ti ń tẹ́ ẹ bọ̀ látọjọ́ yìí. Òní ni ìwọ alára tẹ́."

Ọkọ́ wà lókè. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, Òkété di ọbẹ̀. Kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Jáde nínú ilẹ̀ yẹn," ó ní. "Ilẹ̀ ọmọ mi ni. Kò tọ́ sí ọ."

Òkété jáde pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti fẹ̀ jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀. Ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kọjá, ó wọgbó. Kò kí ẹnikẹ́ni. Àwẹ̀ró náà kò kí i dé ẹ̀yìn abà. Ẹ ò rí i pé kò tíì rí ilé ẹnikẹ́ni wọ̀ láti ọjọ́ náà? Ihò inú igbó ló ń dá gbé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kò sì sún kì padà.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣọ́lé.

"Ilẹ̀ lo sọ," ó ní.

"Ilẹ̀ ni mo sọ, Ìyá."

"Èmi rò pé ikú lò ń bèèrè."

"Ibi tí n ó sùn ni mo ń bèèrè."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá a jáde. "Kí ló dé tí o kò là á mọ́lẹ̀ fún mi?"

Awọ́nríwọ́n wò ó. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò tan ìyá rẹ̀ jẹ. "Mo sọ ọ́ títí, Ìyá. Òkété lẹ̀ ń bi."

Àwẹ̀ró bo ojú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹ̀pà lọ.

Nígbà tí òjò dá, ó gbé agbọ̀n lọ sétí odò. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ó bu yanrìn díẹ̀ mọ́ ọn, ó kó ewé tó ti rà lábẹ́ igi. Ó dà á sí ìdí àmù, ó wọ́n omi sí i. Ó pe Ṣọ́lé.

"Dùbúlẹ̀. Ṣé ó tutù tó?"

"Ó tutù tó."

"Ṣé ó jìn tó?"

"Kò jìn tó, Ìyá. Ẹ bù sí i."

Ó bù sí i. Ó tún bi í. Ó ń bù, ó ń bi í, títí Ṣọ́lé fi wọnú ilẹ̀ rẹ̀, tí imú rẹ̀ nìkan ṣoṣo sì yọ síta. Awọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Àwẹ̀ró kò tún bi aládùúgbò kankan.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó máa sùn lórí ìbùsùn là ń bi bó ṣe rọ̀, a kì í bi ẹni tó ń tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá sì ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ jù láti tẹ́ nǹkan fún ọ, ká ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àlọ́ mi ti wọnú ilẹ̀ tútù, imú rẹ̀ nìkan ló kù síta. Bí mo bá purọ́, kí eruku ìyàngbò gbà mí lọ́fun. Mo húkọ́ bí? N ò húkọ́.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ tẹ́ ẹní yín. Kọ́lájọ, ìwọ lo máa tẹ́ ti àbúrò rẹ. Bi í kó tó sùn pé ṣé nǹkan kan ń gún un níbẹ̀. Kí o sì dúró gbọ́ ohun tó bá sọ.